Iná "Check Engine": Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Àrùn Kí A Tó Ra Oògùn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí jẹ mọ́ iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnì, tí ó máa ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí "check engine". Iná yìí ti kó ọ̀pọ̀ nínú wa sí gbèsè, ó sì ti gba mọ́tò lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó tọ́ kí ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ojú ẹlẹgbẹ́ wa kan rí. Ó ń gbé èrò láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀ àti Èmùré. Mọ́tò náà kì í ṣe tirẹ̀. Alaalẹ́ ni ó ń mú owó lọ fún ọlọ́kọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, iná yìí tàn. Ó ṣàkíyèsí pé mọ́tò kò tètè ṣáná mọ́ láàárọ̀, pé ó ń wúwo bí ó bá ń gun òkè, àti pé epo tí ó máa ń gbé e dé Èmùré lẹ́ẹ̀mẹ́rin kò gbé e débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mọ́. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán tí ó fi sọ pé sẹ́ńsọ̀ ni. Wọ́n ra sẹ́ńsọ̀. Iná kú fún ọjọ́ méjì, ó tún tàn. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìyẹn ní brain box ni ó bàjẹ́. Wọ́n wá àlòkù brain box rà. Iná kò tilẹ̀ kú rárá.

Rewáyà àgbà kan ni ó wá fi scanner yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọ̀gá dírẹ́bà, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn?" Ẹlẹgbẹ́ wa kò lè dáhùn. Wọ́n fa gééjì ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì ti dúdú bí ọ̀dà, kò sì dé àmì ìsàlẹ̀. Asẹ́ tín-ín-tín kan tí ọ́ìlì ń gbà kọjá lọ sídìí camshaft ni ìdọ̀tí ti dí. Wọ́n fọ asẹ́ náà, wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, iná kú, mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ. Ọlọ́kọ̀ ní owó sẹ́ńsọ̀ àti ti brain box kò kan òun, àti pé owó alaalẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà kò gbọdọ̀ dín. Títí di ìgbà tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹlẹgbẹ́ wa ṣì ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀.

Àwọn baba wa ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, iná yìí ń sọ fún wa pé àìsàn wà. Kò dárúkọ páàtì tí a ó rà. Èkejì, àyẹ̀wò ní ètò, ohun tí kò náni lówó ni a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀kẹta, owó àyẹ̀wò àti ti àtúnṣe kò yẹ kí ó máa já lé orí awakọ̀ nìkan.

BÍ Ẹ́ŃJÌNÌ ṢE Ń MỌ ÀSÌKÒ

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé tolórí tẹlẹ́mù, ẹ jẹ́ kí a wo inú ẹ́ńjìnì. Ọ̀pá méjì ni ó ṣe pàtàkì níbẹ̀. Crankshaft wà nísàlẹ̀. Òun ni àwọn písítìn ń yí nígbà tí epo bá ń jó. Camshaft wà lókè nínú tọ́pù sílíńdà. Òun ni ó ń ṣí fáàfù, tí ó sì ń jẹ́ kí ó padé, kí afẹ́fẹ́ àti epo lè wọlé, kí èéfín sì lè jáde. Ṣéènì tàbí bẹ́líìtì ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí crankshaft bá yí lẹ́ẹ̀mejì, camshaft gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan péré. Bí crankshaft bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó sì ń padé, nígbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀! Bí ọ̀pá kan bá ṣáájú tàbí tí ó bá gbẹ́yìn díẹ̀, fáàfù á máa ṣí ní àsìkò tí kò yẹ. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì wa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní táímìn ti yẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pá méjèèjì yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì eléyín ń yí ní ilé iṣẹ́ yóò mọ ohun tí a ń wí. Bí bẹ́líìtì bá fò ní eyín kan, ẹ̀rọ lè má dúró, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe á ti bàjẹ́.

Àwọn àgbà inú wa kò ní í gbàgbé ayé Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, àti Volkswagen ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún kan náà. Ẹ́ńjìnì 504 ní ṣéènì, ti ìjàpá ní jíà. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú wọn. Táímìn tí mẹkáníìkì sábà máa ń tún ṣe nígbà náà ni ti iná púlọ́ọ̀gì: yóò yí dístíríbútọ̀ díẹ̀, yóò tẹ́tí sí ìró ẹ́ńjìnì, yóò sì mọ ìgbà tí ó bá tọ́. Etí rẹ̀ ni scanner rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ètò SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, ọwọ́ òṣìṣẹ́ kò tó mọ́tò tuntun mọ́, tòkunbọ̀ sì gba ojú ọ̀nà. Ní Amẹ́ríkà, láti orí mọ́tò ọdún 1996 ni òfin ti sọ pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ètò tí ń ṣọ́ ẹ́ńjìnì, nítorí èéfín tí ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní OBD-II. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni ó kún ìlú wa lónìí, láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Èmùré. Ihò kan wà lábẹ́ sítíárìn wọn tí ó ní ojú 16. Ibẹ̀ ni a ń ti scanner bọ̀. Etí mẹkáníìkì ṣì wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n etí nìkan kò lè gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ́ńjìnì òde òní ń sọ.

Nínú mọ́tò wọ̀nyí, sẹ́ńsọ̀ kan ń ka bí crankshaft ṣe ń yí, òmíràn ń ka ti camshaft, àwọn méjèèjì sì ń jíṣẹ́ fún brain box. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ètò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní VVT-i. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni ó ń ti camshaft síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí brain box bá ti pàṣẹ, kí mọ́tò lè lágbára, kí ó sì jẹ epo níwọ̀n. Fáàfù ọ́ìlì kékeré kan ni ó ń ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì náà. Bí ọ́ìlì bá dín, bí ó bá dọ̀tí, tàbí bí ó bá nípọn ju èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé mọ́tò lọ, àṣẹ brain box kò ní í ṣẹ lásìkò. Iná á tàn.

OHUN TÍ SCANNER Ń SỌ

Nọ́ńbà ni scanner máa ń gbé jáde. Ẹ jẹ́ kí a mọ díẹ̀ nínú àwọn tí ó kan táímìn.

P0340 ń sọ pé brain box kò gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀ camshaft dáadáa. Sẹ́ńsọ̀ lè ti kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wáyà lè ti já, eku lè ti jẹ ẹ́, omi tàbí ọ́ìlì sì lè ti wọ orí tí wọ́n fi so ó. P0335 ń sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nípa crankshaft.

P0011 ń sọ pé camshaft ti ṣáájú ibi tí brain box ní kí ó wà. P0012 ń sọ pé ó gbẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì àti fáàfù ọ́ìlì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn níbí.

P0016 ń sọ pé ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ méjèèjì kò bá ara mu. Ṣéènì lè ti nà, bẹ́líìtì lè ti fò ní eyín, ẹni tí ó tú ẹ́ńjìnì kẹ́yìn sì lè má to àmì pọ̀ bí ó ti yẹ. Ọ́ìlì tí kò dára náà lè fà á.

Ẹ kíyèsí i pé kò sí ọ̀kankan nínú nọ́ńbà wọ̀nyí tí ó sọ pé kí a lọ ra sẹ́ńsọ̀. Nọ́ńbà dà bí ìgbà tí aláìsàn bá sọ fún dókítà pé inú ń run òun. Dókítà tí ó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí ó gbé ọ̀bẹ lójú ẹsẹ̀ kì í ṣe dókítà tí a ó gbé ọmọ wa lọ bá. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ohun mìíràn tí kò kan táímìn ni ó lè tan iná yìí, títí kan ìdérí táńkì epo tí a kò dé dáadáa. Nítorí náà, ẹni tí kò tíì ka nọ́ńbà kò lè mọ̀ bóyá táímìn ni.

ÈTÒ ÀYẸ̀WÒ

Ètò tí a kọ sísàlẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò náni lówó. Ẹ gé e kúrò nínú ìwé yìí, kí ẹ fi í sínú mọ́tò.

Èkíní: kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bátìrì, kí wọ́n fi scanner ka nọ́ńbà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń yọ orí bátìrì kí iná lè kú. Iná á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí brain box tọ́jú á pa rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀: bí mọ́tò ṣe ń sáré, bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó, àti bí ẹrù ṣe wúwo fún un tó nígbà tí ìyọnu náà ṣẹlẹ̀.

Èkejì: ọ́ìlì. Kí mọ́tò dúró sí ibi tí ó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnì ti kú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí a fa gééjì yọ, kí a nù ún, kí a tún tì í bọ̀, kí a wá wò ó. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì. Kí a béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn àti irú èyí tí wọ́n dà sí i. Nọ́ńbà ọ́ìlì tí mọ́tò ń fẹ́ wà nínú ìwé rẹ̀, ó sì sábà máa ń wà lórí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Kí a ṣọ́ra fún ọ́ìlì tí wọ́n ti lò rí, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n tún rọ sínú ike tuntun. Bí ọ́ìlì kò bá dára, kí a pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fílítà, kí a pa nọ́ńbà rẹ́, kí a sì wa mọ́tò wò kí a tó náwó sí ohun mìíràn.

Ẹ̀kẹta: wáyà. Kí rewáyà tú orí wáyà sẹ́ńsọ̀ méjèèjì, kí ó wo ìpatà, omi, ọ́ìlì àti ibi tí eku ti jẹ. Kí ó fi mítà wọn iná tí ń dé ibẹ̀ àti sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀. Bí mítà bá fi hàn pé sẹ́ńsọ̀ ti kú, ẹ ra òmíràn. Bí kò bá fi hàn bẹ́ẹ̀, ẹ pa owó yín mọ́.

Ẹ̀kẹrin: fáàfù ọ́ìlì. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n wo asẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, bí a bá fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tí ó tutù, ó yẹ kí ó fi nǹkan bí ohm 7 sí 8 hàn. Bí a bá fi iná bátìrì kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó yẹ kí irin inú rẹ̀ fò, kí a sì gbọ́ ìró rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá a padà, tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, kí wọ́n fún fáàfù náà ní iná bátìrì tààrà. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnì gbọ̀n, tàbí kí ó tilẹ̀ kú. Bí ó bá ń lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀nà ọ́ìlì ti dí, tàbí pé orí camshaft kò yí mọ́.

Ẹ̀karùn-ún: ṣéènì tàbí bẹ́líìtì. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, ó sì ń náni lówó. Ìdí nìyí tí ó fi gbẹ́yìn. Kí wọ́n ṣí ìdérí, kí wọ́n fi sípánà yí crankshaft lọ sí apá ibi tí ẹ́ńjìnì ń yí sí, kí wọ́n wo bóyá àmì òkè bá ti ìsàlẹ̀ mu. Ṣéènì tí ó ti nà sábà máa ń dún bí ìṣó nínú agolo fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí a bá ṣáná láàárọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹ tó dé ìpele yìí. Bí wọ́n bá sì ń pààrọ̀ ṣéènì, kí wọ́n pààrọ̀ ohun tí ń fún un le àti àwọn tí ó ń gbà kọjá pẹ̀lú; ṣéènì tuntun lórí ohun tí ó ti jẹ tán kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ẹ̀kẹfà: lẹ́yìn àtúnṣe, kí a pa nọ́ńbà rẹ́, kí a wa mọ́tò títí yóò fi gbóná, kí a gun òkè kan kí a sì sọ̀ ọ́, kí a tún fi scanner wò ó. Bí nọ́ńbà náà bá padà wá, iṣẹ́ kò tíì parí, owó ìkẹyìn kò sì tíì tó san.

Ó tún yẹ kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀ bóyá bẹ́líìtì tàbí ṣéènì ni mọ́tò rẹ̀ ń lò. Corolla tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2008 fún Amẹ́ríkà ń lo ṣéènì. Camry onísílíńdà mẹ́rin tí wọ́n ṣe láàárín 1997 sí 2001 ń lo bẹ́líìtì. Láti 2002 ni ó ti di ṣéènì. Sienna ń lo bẹ́líìtì títí di 2006, ó di ṣéènì ní 2007. Bọ́ọ̀sì HiAce tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 2TR ń lo ṣéènì, ó sì ní VVT-i. Bẹ́líìtì ní iye ọjọ́ tí yóò lò. Tòkunbọ̀ tí a kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ tirẹ̀, kí a pààrọ̀ rẹ̀ kí a tó fi í gbé èrò. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, bí bẹ́líìtì bá já lójú ọ̀nà, písítìn á gbá fáàfù, tọ́pù sílíńdà á sì di ohun tí a ń tú palẹ̀.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A DÚRÓ

Bí iná ìyeyè náà bá tàn tí kò ṣẹ́jú, tí mọ́tò ń lọ geere, tí kò sí ìró àjèjì, a lè rọra wà á dé ibi àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú, epo kan ń kọjá láìjó nínú ẹ́ńjìnì. Ó lè mú kí ọ̀nà èéfín gbóná kọjá ààlà. Kí a dín eré kù, kí a sì wá ibi tí kò léwu dúró sí. Bí iná pupa tí ó ní àwòrán agolo ọ́ìlì bá tàn, kí a pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a bá ti rí ibi yà sí. Ìṣẹ́jú kan lórí iná pupa yẹn lè jẹ ẹ́ńjìnì odindi.

A mọ ohun tí àwọn mìíràn ń ṣe. Wọ́n ń fi téèpù dúdú bo iná náà, tàbí kí wọ́n yọ gílóòbù rẹ̀ kí èrò má bàa bẹ̀rù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí táímìn bá fò tí ẹ́ńjìnì sì kú nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ pẹ̀lú èrò, sítíárìn á wúwo, bíréèkì á sì le lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta. Téèpù kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba mọ́tò tuntun lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, ẹ wo èyí: bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ kí a tó ṣáná, iná náà gbọ́dọ̀ tàn, bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹ béèrè ẹni tí ó pa á lẹ́nu mọ́.

TA NI YÓÒ SANWÓ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ wa gan-an nìyí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí epo bẹntiróò fi fò láti nǹkan bí náírà 190 kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ pé èrè ti tín-ín-rín. Mọ́tò tí táímìn rẹ̀ yẹ̀ ń jẹ epo ju bí ó ti yẹ lọ. Awakọ̀ ni ó ń ra epo náà. Òun kan náà ni wọ́n tún ń ní kí ó san owó sẹ́ńsọ̀ tí kò wúlò, kí ó sì mú owó alaalẹ́ wá fún ọjọ́ tí mọ́tò fi wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Aláàárù tó ń jẹ búrẹ́dì, awọ orí ẹ̀ ló ń jẹ; ti awakọ̀ wa tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò rí búrẹ́dì náà jẹ.

Èrò tiwa ni pé ẹni tí ó ni ẹ́ńjìnì ni ó ni ṣéènì àti bẹ́líìtì inú rẹ̀. Ohun tí ọjọ́ orí àti ìlò bá jẹ nínú ẹ́ńjìnì, ọlọ́kọ̀ ni kí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n a kò ní í fi ojú kan ṣe ìdájọ́. Awakọ̀ tí iná tàn fún ní oṣù kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, tí kò wo gééjì ọ́ìlì rí títí ẹ́ńjìnì fi kú, òun náà jẹ̀bi. Wíwo ọ́ìlì láràárọ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ wa. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí iná bá tàn, kí awakọ̀ sọ fún ọlọ́kọ̀, kí ó sì fi í ránṣẹ́ lórí fóònù kí ó lè jẹ́ ẹ̀rí. Ọlọ́kọ̀ tí ó bá gbọ́, tí ó sì ní kí a máa wà á lọ bẹ́ẹ̀, ti gba ẹ̀bi ohun tí yóò tẹ̀lé e.

A ní ọ̀rọ̀ fún àwọn mẹkáníìkì náà, a sì ní fún ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ san owó àyẹ̀wò. A ó ní, "Ṣebí ẹ kàn wò ó ni?" Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá náà lo wákàtí méjì àti ìmọ̀ ogún ọdún. Nígbà tí a kò bá san owó ìmọ̀ fún un, orí páàtì ni yóò ti wá owó tirẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń yára dárúkọ páàtì. Kí a san owó àyẹ̀wò tí ó tọ́, kí mẹkáníìkì sì kọ nọ́ńbà tí ó rí àti ohun tí ó yẹ̀ wò sínú ìwé fún wa. Ẹni tí kò bá lè sọ ìdí tí ó fi ní kí a ra páàtì kan, kí a má ra páàtì náà.

OHUN TÍ A BÉÈRÈ

A ń rọ àwọn olóyè ẹ̀ka wa kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin síwájú ìpàdé gbogboògbò tí ń bọ̀. Kí ẹ̀ka ra scanner kan tí ó dára, kí ó wà ní gáréèjì lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí iná bá tàn fún lè ka nọ́ńbà rẹ̀ kí ó tó lọ bá mẹkáníìkì. Kí àwa àti àwọn mẹkáníìkì Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré jọ jókòó, kí a fi ẹnu kò lórí owó àyẹ̀wò kan tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn láàárín awakọ̀ àti ọlọ́kọ̀ pé ọjọ́ tí mọ́tò bá wà fún àtúnṣe ẹ́ńjìnì, kò sí owó alaalẹ́. Kí a sì yan ọ̀dọ́ mẹkáníìkì méjì tàbí mẹ́ta tí a ó rán lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ òde òní sí i, kí wọ́n lè wá kọ́ àwọn yòókù.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìkan ni èyí. Bọ́ọ̀sì tí ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ní iná kan náà níwájú. Bí ẹ bá jókòó sí iwájú, tí ẹ sì rí i tí ó ń tàn, ẹ bi dírẹ́bà léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọmọ yín wà nílé tí ń retí yín, tirẹ̀ náà wà nílé tí ń retí rẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ wa tí a sọ ìtàn rẹ̀ ti padà sójú ọ̀nà. Ó sọ fún wa pé òun kì í ṣáná mọ́ láàárọ̀ kí òun tó fa gééjì wò. Ìmọ̀ yẹn ná an lówó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́; ẹ lò ó láti ọ̀la lọ, kí ẹ sì wá sí ìpàdé.